Mo Lọ Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Dí Àlàfo Ohùn

Ẹ̀yin ará Sango tí ẹ ń dá mi dúró lábẹ́ bíríìjì, ẹ̀yin ará Ọ̀tà tí ẹ ń fi ojú bi mí léèrè nígbà tí ẹnu yín kò lè bi mí, mo ti gbọ́. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo rí ní Fínláǹdì. Ẹ sì fẹ́ mọ ìdí tí mo fi sáré wálé kí n tó parí ohun tí mo bá lọ. Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó sójú kan kí n máa rò ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni ara mi kì í ti í balẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ jókòó tì í, kó sì jẹ́ kí n máa bá tèmi lọ.

*Kí n tó kúrò nílé*

Inú ariwo ni wọ́n bí mi sí. Ìwó ni àwọn òbí mi ti wá, ẹ̀yìn ojú ọ̀nà Ìdìrókò ni wọ́n sì gba ilé sí, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé níbi tí Bàbá mi ti ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló bọ́ wa. Nígbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan kò tíì kan òrùlé tán tí òmíràn á ti máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yunifásítì náà sì ń tẹ̀lé wọn. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, gbogbo ẹ̀rọ náà ló sì ń bàjẹ́. Pásítọ̀ á jókòó, lémọ́ọ̀mù á jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì kan náà, kálukú á máa dúró de tirẹ̀.

Bí Bàbá bá tún ọ̀kan ṣe tán, wọn kì í sọ "tẹ́sítìn, tẹ́sítìn" bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Oríkì mi ni wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò. Wọ́n á gbé makirofóònù sẹ́nu, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́!" Èmi á sì dáhùn láti inú ilé lẹ́yìn, "Mo gbọ́ o, Bàbá. Ó ń dún dáadáa." Bí n kò bá tíì dáhùn, ẹ̀rọ náà kò tíì ṣe nìyẹn. Rúkáyátù ni orúkọ mi nílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ Àbẹ̀kẹ́ ládùúgbò wa.

Wàsíù, àbúrò mi, gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan tó ṣì kéré. Ó gbá makirofóònù mú, ó ní "Àbẹ̀kẹ́!" Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ lò ń pe oríkì ẹ̀ yẹn? Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Láti ọjọ́ náà, "wáǹ, tú" ni Wàsíù ń sọ bó bá ń dán ẹ̀rọ wò. Nígbà tó dàgbà tí ohùn rẹ̀ wá kẹ̀, ohùn Bàbá gan-an ló bọ́ sí i lọ́fun. Àwọn oníbàárà á pè lórí fóònù, wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á jẹ́ kí wọ́n kí i tán kó tó sọ pé Wàsíù ni.

Mo ka ìwé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun wọ̀nyẹn. Nígbà tí mo rí àyè láti lọ kọ́ ọ sí i lókè òkun, Màámi sunkún, Bàbá sì rẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Má wo ẹ̀yìn títí wàá fi parí ẹ̀." Màámi gbọ́ gbólóhùn yẹn. Wọn kò gbàgbé ẹ̀.

*Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kí ni*

Oulu ni orúkọ ìlú náà, lápá òkè ní Fínláǹdì. Ẹ ti gbọ́ nípa òtútù, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Mo dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí gbogbo àwọn tó ń dúró. Obìnrin kan wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ ta ọjà fún, ó sì sún sẹ́yìn. Àwọn yòókù ń wo yìnyín. Bẹ́ẹ̀ ni a dúró títí bọ́ọ̀sì fi dé, àárín ẹnì kan sí ẹnì kejì fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn lè páàkì kẹ̀kẹ́ Màrúwá sí.

Bàbá arúgbó kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí màá fi kọjá, kí a má baà pàdé kó di ọ̀rọ̀ ìkíni. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà míì, ìwà burúkú á gùn mí, èmi náà á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wá di pé ta ló máa kọ́kọ́ rẹ̀. Èmi ló máa ń rẹ̀.

Oúnjẹ wọn? Búrẹ́dì dúdú kan wà tó le bí pákó tó sì kan bí ògì àná. Mo bú u títí ó fi mọ́ mi lára. Wọ́n ní súìtì dúdú tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín. Nígbà tí ẹnu mi wá ń wá ata, mo lọ din ata rodo tí mo gbé ti Sango bọ̀. Èéfín rẹ̀ mú aago iná ké nínú ilé náà látòkè délẹ̀. Gbogbo wa bọ́ síta sínú yìnyín, àwọn kan wọ aṣọ oorun, ẹlòmíràn ń wúkọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ká ní Sango ni, wọn ì bá ti bú mi tán, wọn ì bá sì ti bi mí bóyá ọbẹ̀ náà ti jinná. Ojú tì mí ju bí wọ́n bá bú mi lọ.

Lọ́jọ́ kan mo yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mo sì ń tiro bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Bàbá arúgbó náà ni, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi mílíìkì àti ọ̀dùnkún sè lọ́wọ́. Ó nà án sí mi, ó mi orí, ó sì padà sí yàrá rẹ̀. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́, omijé sì ń bọ́ sínú abọ́.

*Iṣẹ́ tí mo bá lọ*

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohùn yín kì í lọ lódindi. Ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, á di ègé kọ̀ọ̀kan sínú ìdì tirẹ̀, á sì máa jù wọ́n sọ́nà. Èyí tó pọ̀ jù á débẹ̀. Díẹ̀ á sọnù. Ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ kò lè ní kí ẹ dúró ná kí òun lọ wá èyí tó sọnù, torí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní láti fi nǹkan sójú àlàfo náà kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ á máa já sí yín létí.

Kí ló máa ń fi síbẹ̀? Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn. Á mú ìró tó ṣáájú àlàfo, á tún un ṣe díẹ̀ kó lè bá èyí tó ń bọ̀ mu, á sì fi dí i, bí télọ̀ ṣe ń gé lára aṣọ kan náà láti fi lẹ ojú ibi tó ya. Bí ẹ̀rọ náà bá mọ iṣẹ́, ẹni tó ń gbọ́ kò ní fura pé nǹkan kan sọnù. Ohun tí mo lọ kọ́ nìyẹn.

Marja ni orúkọ olùkọ́ mi. Ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó ní dandan kí n máa pe òun lórúkọ. Mo ń pè é ní Marja lẹ́nu, mo ń pè é ní Màmá nínú. Mo ṣe ẹ̀rọ kan tó lè dí àlàfo gígùn, mo sì gbé e fún un pẹ̀lú ìgbéraga. Ó fi sétí, ó gbọ́ ọ tán, ó yọ ọ́.

Ó ní, "Bí àlàfo bá kéré, dí i. Bó bá gùn, jẹ́ kí ohùn náà rọra lọ sílẹ̀ títí á fi dákẹ́. Bó o bá ń dí i lọ, ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ẹni tó ni ohùn."

Mo ní, "Nílé wa, bí fóònù bá dákẹ́, ẹ̀rù á bà wá."

Marja kì í yára fèsì. Ó wo ojú fèrèsé títí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó wá ní, "Bó bá jẹ́ pé nǹkan sọnù lóòótọ́, kí ẹ̀rù bà yín."

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Mo ní àwọn aláìkíni wọ̀nyí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe fún ènìyàn.

*Ìpè ọjọ́ Jímọ̀*

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni mo máa ń pe ilé. Màámi á gbà á, wọ́n á wá ní, "Bàbá ẹ nìyí." Bàbá á pe Àbẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó sọ ohunkóhun, èmi náà á ní mo gbọ́ o, ó ń dún dáadáa. Ohun tó ń gbé ọ̀sẹ̀ mi ró nìyẹn ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í pè mí.

Nígbà tó yá, Màámi ní ó rẹ Bàbá, wọ́n ń sùn. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní Bàbá lọ sí Ìwó. Lẹ́yìn náà Bàbá dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ti kéré. "Ṣé dáadáa ni? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Ohùn wọn ni. Kò ṣe bí ohùn ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo ní kí n rí ojú wọn, Màámi ní kámẹ́rà fóònù ti fọ́.

Mo ní, "Màámi, ojú lọ̀rọ̀ wà."

Wọ́n ní, "Etí náà ń gbọ́ ọ. Kọjú sí ìwé ẹ."

Ara mi kò gbà á, n kò sì lè sọ ohun tí kò gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo ń rìn yí ìlú náà po nínú yìnyín, mo ń padà, mo tún ń jáde. Ohun kan wà tí etí mi ń wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò rí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ ni. Bàbá kò pe Àbẹ̀kẹ́ mọ́.

Jímọ̀ tó kàn, ibi iṣẹ́ ni mo ti pè, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́ròó tó dára jù lọ bo etí méjèèjì. Nígbà tí ohùn Bàbá dé, mo ní, "Bàbá, ẹ pè mí bí ẹ ṣe máa ń pè mí."

Ó dákẹ́ lọ bí ilẹ̀ òkú.

Màámi já fóònù gbà. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí náà ni. Rúkáyá, ṣé ò ń gbọ́ wa? Ó ń já."

Kò já. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ń dún lẹ́yìn wọn, mo sì ń gbọ́ ọ ní gbogbo àsìkò tí ibẹ̀ fi dákẹ́, kò fò, kò sì tún ara rẹ̀ sọ. Inú ìdì kan náà ni ohùn ènìyàn àti ohùn jẹnẹrétọ̀ jọ ń wà. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, èkejì á bá a lọ. Nǹkan kan kò sọnù lọ́nà. Ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ ló dákẹ́.

Mo ní, "Màámi, ẹ gbé e fún Bàbá. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

Ohùn náà padà wá. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, ọmọ mi." Wọ́n sì pa fóònù.

Mo jókòó síbẹ̀. Ẹni tó pe oríkì mi sínú gbogbo ẹ̀rọ gbohùngbohùn Sango kò lè pè é sí mi létí. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ní ohùn yẹn láyé, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ pe oríkì mi.

Ẹ mọ àṣà wa. Wọn kì í sọ òfò fún ẹni tó wà ní ìdálẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa kan ti Líbíyà ra aṣọ bọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ pé wọ́n ti sin ín tipẹ́. Mo gbà lọ́kàn mi pé Bàbá ti kú.

Mo lọ bá Marja, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò kí mi kú ìrọ́jú, kò ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó jókòó tì mí títí mo fi sunkún tán, lẹ́yìn náà ó pa kọ̀ǹpútà mi dé, ó sì gbé kóòtù mi lé mi léjìká. "Lọ wò ó," ló sọ. Nígbà tí mo ń jáde kúrò nílé lọ́jọ́ ìrìn-àjò, bàbá arúgbó tó kọjú sí mi ṣílẹ̀kùn, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e dé ìsàlẹ̀. A kò sọ̀rọ̀. N kò sì wá ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

*Ohùn tó pàdé mi*

Wàsíù nìkan ni mo sọ fún pé mò ń bọ̀. Ó wá pàdé mi ní Ìkẹjà, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín èrò. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ní, "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi.

"Wàsíù, ṣé Bàbá ti kú?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wà ní Igbesa."

Mo jókòó sórí báàgì. Inú ọkọ̀ ló ti rò ó fún mi. Ẹ̀gbà ló mú Bàbá. Apá ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì kọ̀ láti jáde lẹ́nu wọn. Ilé ọ̀rẹ́ wọn ní Igbesa ni wọ́n gbé wọn lọ, torí ariwo Sango kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan bá ti hu níbìkan, Bàbá á fẹ́ dìde lọ tún un ṣe, wọ́n á sì ṣubú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Màámi ń ti Igbesa wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá gba ìpè mi.

Wàsíù ní, "Màámi ló ní kí n ṣe é. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó fi ìwé sílẹ̀ ẹ ó sáré wálé."

Mo ní, "Níbo ni mo wà báyìí?"

"Ẹ ti sáré wálé."

Ẹ̀rín pa mí, ìbínú sì ń bẹ nínú ẹ̀rín náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kúkú pe oríkì mi kí irọ́ náà lè pé.

Ó ní, "Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ń kọ́ ọ bí Bàbá ṣe máa ń pè é. Bó bá ti kù díẹ̀ kí n pè é sí yín, ẹnu mi á wúwo. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni mo bí yín ni?"

N kò lè bínú sí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. A wọ Sango, ariwo gbá mi lójú. Àwọn ènìyàn ń kí mi láti òdìkejì ọ̀nà, wọ́n ń kí mi káàbọ̀, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun, wọn kò sì dúró gbọ́ èsì. Mo ti ṣe àárò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń dá gbogbo wọn lóhùn.

*Igbesa*

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà ló gbé wa wọlé, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti ògiri ilé-iṣẹ́ tuntun. Màámi ń ro ẹ̀kọ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè tí wọ́n rí mi, orógùn bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní wọ́n tàn mí. Mo ní èmi lọmọ, mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbànújẹ́ tèmi.

Màámi ní, "Bó o bá gbọ́, kí lo máa fi ọwọ́ ẹ ṣe níbẹ̀? Bàbá ẹ ní kó o má wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ nígbà tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Òun ni mò ń gbé kiri." Wọ́n fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú.

Bàbá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti rù, ẹnu wọn fà sí apá kan, ṣùgbọ́n ojú wọn mọ̀ mí kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ òsì wọn mú. Mo ní, "Bàbá, mo ti dé."

Ẹnu wọn mì. "À..." Ó dúró síbẹ̀.

Ilé wa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, gbogbo wọn ló ń bá Bàbá parí ọ̀rọ̀: omi ni, ẹní ni, oòrùn ni. Wọ́n ti ń bá wọn parí ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá kò fi gbìyànjú mọ́. Màámi ti la ẹnu. Mo na ọwọ́, mo fi kan orúnkún Màámi, wọ́n sì pa á dé. Wàsíù fi ọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀.

A dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lọ sí ilé-iṣẹ́ ó sì jìnnà. Òógùn yọ níwájú orí Bàbá. Èmi tí n kì í lè jókòó sójú kan, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, eékún ń ro mí, n kò mira. Mo rántí bàbá arúgbó tó ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"...kẹ́."

Àárín rẹ̀ kò wá. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi nǹkan síbẹ̀.

Mo ní, "Mo gbọ́ o, Bàbá. Ó ń dún dáadáa."